Ẹ má pe obìnrin kan ṣoṣo wá síbi íntáfíù

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ilé iṣẹ́ yín ní Odogunyan, n'Íkòròdú, fẹ́ ṣòfin pé obìnrin kan, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ wà lára àwọn tí wọ́n bá pè wá ṣe íntáfíù súpáfáísọ̀. Bó bá mọ síbẹ̀, ojú ayé lásán ni.

Ẹ wo NFL, líìgì bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà. Lọ́dún 2003 ni Òfin Rooney bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀: ẹgbẹ́ tó bá ń wá kóòṣì àgbà gbọ́dọ̀ pe ẹnì kan, ó kéré tán, tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun. Ọdún yẹn náà ni wọ́n bu ìtanràn $200,000 lé ọ̀gá ẹgbẹ́ Detroit Lions lórí. Ó ti mọ ẹni tó fẹ́ gbà. Àwọn aláwọ̀ dúdú tó pè kọ̀, wọn ò wá, wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Ní 2020, wọ́n sọ ẹnì kan di méjì.

Ẹ̀yin náà, ẹ pe méjì tàbí mẹ́ta. Bó bá ku ẹyọ kan, pé ó jẹ́ obìnrin nìkan ni gbogbo yín á máa rí.

Ìkéde ńkọ́? Èyí tí ẹ bá lẹ̀ mọ́ géètì nìkan, àbúrò àwọn tó wà nínú ilé ló máa dé ọwọ́ ẹ̀. Ẹ sì yọ "ọdún márùn-ún nípò súpáfáísọ̀" kúrò, ta ló ti fi obìnrin síbẹ̀ rí? Ẹ kọ "ọdún mẹ́ta nídìí ẹ̀rọ".

Ibi máàkì gan-an lọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́. Ìbéèrè mẹ́fà kan náà fún gbogbo wọn, máàkì márùn-ún fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Irú bíi: "Ẹ̀rọ dúró láago méjì, 400 páálí ṣì kù tó gbọ́dọ̀ jáde lónìí: kí lẹ máa kọ́kọ́ ṣe?" Kí kálukú nínú ẹ̀yin tó ń ṣe íntáfíù fi báírò kọ máàkì tiẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lanu, kí ọ̀gá sì sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Tó bá ti ní "ọmọ yẹn gbọ́n o", gbogbo máàkì ló máa gòkè. "Ta ló máa bá ẹ tọ́jú ọmọ?" Ẹ ò bi ọkùnrin, ẹ má bi obìnrin.

Iṣẹ́ òru: abala 55 nínú Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà kò gbà á fún obìnrin nílé iṣẹ́ ẹ̀rọ, àfi nọ́ọ̀sì àti àwọn alákòóso tí kì í ṣiṣẹ́ agbára. Bí súpáfáísọ̀ yín bá ń bá wọn gbé páálí, ẹ bi lọ́yà kí ẹ tó pín ṣíífù. Èyí tó ń parí láago mẹ́wàá alẹ́, ẹ wá bọ́ọ̀sì tó máa já àwọn obìnrin sí Sábó. Láìsí i, oṣù kejì ni obìnrin tẹ́ ẹ gbà yóò fiṣẹ́ sílẹ̀, àwọn èèyàn á ní "ṣé ẹ ti rí i?"