Òtútù Kọ́ Ló Ń Pa Òròmọdìẹ Yín

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa sin adìẹ nìyí. Mo kó òròmọdìẹ ọlọ́jọ́ kan sínú páálí ńlá, mo gbé ìkòkò èédú sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo wá fi tapólì bo gbogbo rẹ̀ kí atẹ́gùn má baà wọlé. Mẹ́ta ti kú kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn tó kù ń lanu, wọ́n ń mí gúlegúle. Irú gílóòbù wo ni kí n fi kún un kí òtútù má pa ìyókù?

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú àdánù. Ẹ má tíì fi gílóòbù kankan kún un. Ẹ ká tapólì yẹn kúrò, ẹ gbé èédú síta, kí ẹ tó ka ohun tó kù.

Òròmọdìẹ tí òtútù ń mú kì í lanu. Adìẹ kì í làágùn bíi tiwa. Ẹnu ló fi ń mí ooru ara rẹ̀ dànù. Èyí tó bá ń mí gúlegúle, tó ju apá sílẹ̀, ooru ti pọ̀ jù fún un, tàbí kí afẹ́fẹ́ tó ń mí sínú má dára. Mi ò yẹ òkú wọn wò, nítorí náà mi ò lè búra pé kò sí àìsàn nínú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú èédú àti tapólì tí ẹ dárúkọ yìí, òtútù kọ́ ni màá kọ́kọ́ fura sí.

Ta ló sọ fún yín pé kí ẹ dí gbogbo ojú ihò? Ìmọ̀ràn yìí ti ń ti ẹnu dé ẹnu tipẹ́, ó sì ń bí mi nínú gan-an, torí pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ló sábà máa ń fi jẹ gbèsè. Wọ́n gbọ́ pé òròmọdìẹ kò lè dá ara rẹ̀ móoru, òótọ́ sì ni: ìhùùhù lásán ló wà lára rẹ̀, ìyẹ́ kò tíì jáde. Wọ́n wá rò pé bí ibẹ̀ bá ṣe gbóná tó, tó sì há tó, ni yóò ṣe dára tó. Irọ́ ni. Ẹ wo àgbébọ̀ tó ràdọ̀ bo ọmọ. Abẹ́ rẹ̀ gbóná, ṣùgbọ́n ọmọ ń wọlé, ọmọ ń jáde. Tí ooru bá tó wọn, wọ́n á yọ síta, tí òtútù bá mú wọn, wọ́n á padà. Páálí tí a dí pa kò fún wọn láyè láti sá fún ooru.

Èédú tún burú ju ooru lọ. Tó bá ń jó níbi tó há, ó máa ń tú carbon monoxide jáde, afẹ́fẹ́ olóró tí kò láwọ̀, tí kò rùn, tó máa ń gba ipò oxygen nínú ẹ̀jẹ̀. Tí páálí yẹn bá wà ní yàrá tí ẹ̀ ń sùn, ó lè pa ẹ̀yin àti àwọn ọmọ yín. Ẹ má sọ fún mi pé ẹ máa ṣí fèrèsé díẹ̀. Ẹ má lò ó nínú ilé rárá.

Atẹ́gùn tó yẹ kí ẹ dí ni èyí tó ń fẹ́ lu òròmọdìẹ ní tààrà nísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ páálí ga, kí òkè rẹ̀ wà ní ṣíṣí, kí afẹ́fẹ́ tí wọ́n ti mí síta lè máa jáde. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú yín yóò fi bá tiwọn dọ́gba. Tí òórùn ìgbẹ́ bá ta yín lójú, àmóníà ti pọ̀ níbẹ̀. Ẹ kó èérún pákó tó tutù kúrò, ẹ fi gbígbẹ rọ́pò.

Ní ti ooru, ẹ gbé e sí apá kan ṣoṣo, kí oúnjẹ àti omi wà lápá kejì. Lábẹ́ iná gílóòbù, ní ibi tí ẹ̀yìn òròmọdìẹ ga dé, dígírì 32 sí 35 (Celsius) ló dára lọ́sẹ̀ kìíní. Lẹ́yìn náà, ẹ máa dín in kù ní nǹkan bíi dígírì 3 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, títí ìyẹ́ wọn yóò fi jáde tán, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 5 sí 6. Tẹmómítà wúlò, àmọ́ òròmọdìẹ fúnra wọn ni kí ẹ gbà gbọ́. Tí wọ́n bá ń gun ara wọn lábẹ́ iná tí wọ́n ń ké kíkankíkan, òtútù ń mú wọn. Tí wọ́n bá sá jìnnà sí i, ó ti gbóná jù. Tí gbogbo wọn bá kó sí igun kan, atẹ́gùn ń wọlé láti òdìkejì. Tí wọ́n bá tàn káàkiri, tí wọ́n ń jẹ, tí wọ́n ń sùn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Gílóòbù tó ń mú ooru wá dára, ṣùgbọ́n ẹ fi ṣéènì tàbí wáyà líle so ó rọ̀, ẹ má fi okùn iná rẹ̀ nìkan gbé e. Tó bá já bọ́ sórí èérún pákó, ilé lè jó. Ẹ yẹra fún èyí tí wọ́n fi Teflon bò, ìyẹn ohun tí wọ́n máa ń fi bo inú páànù kí oúnjẹ má baà lẹ̀ mọ́ ọn, nítorí èéfín rẹ̀ máa ń pa ẹyẹ. Tí iná bá lọ lóru, ẹ rọ omi gbígbóná sínú ìgò, ẹ fi aṣọ wé e, kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Lónìí, ẹ fún àwọn tó kù ní omi mímọ́ tí kò tutù jù. Ẹ má fún wọn ní oògùn apakòkòrò àrùn (antibiotic) kankan láìjẹ́ pé ẹnì kan yẹ̀ wọ́n wò. Tí wọ́n bá ṣì ń lanu lẹ́yìn wákàtí mélòó kan tí afẹ́fẹ́ ti dára, ẹ gbé wọn àti àwọn tó kú lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko tó sún mọ́ yín.