Èsì: káàdì àtijọ́ pe ihò 10 wa ní ihò 1

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní káàdì àtijọ́ tí wọ́n fi ń kọ iye àmì ayò ní pápá gọ́ọ̀fù yín pe ihò 10 ti ìsinsìnyí ní ihò 1 (ihò kan ni ọ̀nà láti ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ títí dé ibi tó ń kó sí), ẹ sì fẹ́ mọ ohun tó fà á. Àfàìmọ̀ ni kò fi jẹ́ pé ihò 9 ni pápá gọ́ọ̀fù yín fi bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n wá rí ilẹ̀ kún un tó di 18 ni wọ́n tún nọ́ńbà tò, pàápàá tí wọ́n bá gbé ilé kílọ́ọ̀bù kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀.

Ìyẹn tó bá jẹ́ ihò 9 péré ló wà lórí káàdì yẹn o. Tó bá jẹ́ 18 náà ni, a jẹ́ pé wọ́n kàn fi ìdajì kan ṣáájú èkejì ni, bí pápá gọ́ọ̀fù Augusta National ní Amẹ́ríkà ṣe ṣe lẹ́yìn ìdíje wọn ti 1934. Kò sì sí ohun tó ní dandan ni 18, àní ní St Andrews gan-an, pápá gọ́ọ̀fù àtayébáyé ní Scotland, ihò 22 ni wọ́n ń gbá kó tó di 1764.

Kẹ́ẹ lè mọ àwọn ihò tó kọ́kọ́ wà, ẹ rìn yí pápá náà ká:

1. Ẹ wá kòtò yanrìn tó sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ jù, tí kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́. Kí bọ́ọ̀lù onírọ́bà tí wọ́n ń pè ní Haskell tó dé ní 1898 bọ́ọ̀lù kì í lọ jìnnà, ibẹ̀ ló ń bọ́ sí. Tí pápá yín bá ti wà láyé ìgbà yẹn, ihò tẹ́ ẹ ti rí irú ẹ̀ ló ṣeé ṣe kó dàgbà jù.

2. Ẹ wo igi, àwọn tó tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ láàárín pápá lè jẹ́ ààlà ilẹ̀ àtijọ́, ìyẹn ibi tí pápá mọ kí wọ́n tó rí ilẹ̀ kún un.

Lẹ́yìn náà kẹ́ẹ wá bi akọ̀wé kílọ́ọ̀bù ní ìwé tí wọ́n fi ra ilẹ̀, torí déètì máa ń wà lórí ìyẹn, ìtàn ẹnu àwọn àgbà ọmọ ẹgbẹ́ kì í bára mu.