Bíríkì nílẹ̀ ilé ìdáná: ohun tó yẹ kí ẹ bi bíríkìlà kó tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ kú ìnáwó ilé kíkọ́ o. Ẹ ní bíríkìlà yín nílé fẹ́ fi bíríkì amọ̀ tẹ́ ilẹ̀ ilé ìdáná dípò táìlì, ẹ̀yin sì wà lókè òkun, ẹ ò mọ̀ bóyá kí ẹ gbà fún un. Bó bá jẹ́ yàrá ìsàlẹ̀ ni, tí wọn ò tíì gbé kábọ́ọ̀dù wọlé, ẹ jẹ́ kó ṣe é. Bó bá jẹ́ òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì, ẹ dá a dúró ná. Bíríkì tó nípọn ní mìlímítà 57 á wúwo tó nǹkan bíi kílò 115 lórí mítà kan níbùú lóòró, ká má tíì ka sìmẹ́ńtì abẹ́ rẹ̀. Ẹnjiníà ló lè sọ bóyá ilẹ̀ òkè náà á gbé e. Bí kò bá lè gbé e, bíríkì pẹlẹbẹ wà, mìlímítà 13 sí 20, tí wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù táìlì lẹ̀.

Ìkòkò gbígbóná ò lè jó bíríkì. Bí omi bá dà sí i, kì í yọ̀ bíi táìlì dídán. Àwọ̀ rẹ̀ sì wọ inú dé ìsàlẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí nǹkan bá ha á, ojú ò ní fi bẹ́ẹ̀ rí i. Ṣùgbọ́n ó le: abọ́ tó bá já bọ́ lé e, ó fọ́ nìyẹn, ẹsẹ̀ á sì máa ro ẹni tó bá dúró pẹ́ nídìí síńkì. Tábìlì á máa mì lórí rẹ̀ nítorí kì í tẹ́jú dáadáa. Èyí tó burú jù ni òróró. Bíríkì a máa fà á mu, bó bá sì ti wọlé, kì í fẹ́ jáde mọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ka yíyan bíríkì sí ju ọwọ́ bíríkìlà lọ. Bíríkì ògiri, pàápàá èyí tó ní ihò láàárín, kì í ṣe ti ilẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n wọn mẹ́ta tó gbẹ lórí òṣùwọ̀n, kí wọ́n rì wọ́n sínú omi fún wákàtí 24, kí wọ́n nù wọ́n, kí wọ́n tún wọ̀n wọ́n, kí ẹ máa wò ó lórí fídíò. Bí èyí tó jẹ́ kílò 2 bá fi ju gíráàmù 160 lọ wúwo sí i, ẹ wá òmíràn.

Bíríkì mìlímítà 200 sí 100, tí àlàfo àárín wọn jẹ́ 10, 43 ló ń gba mítà kan níbùú lóòró. Ilé ìdáná mítà 3 sí 4 á gba nǹkan bí 545, pẹ̀lú ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún fún èyí tó bá fọ́. Bí wọ́n bá máa tò ó ní ìdàgẹ̀rẹ̀, ẹ fi ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún kún un dípò 5, nítorí gígé á pọ̀.

Ìyẹ̀fun funfun tó máa ń yọ lójú bíríkì, iyọ̀ ni; ọ̀rinrin ló ń tì í jáde. Ọ̀rá nínípọn gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ jámán fúlọ́ọ̀, ìyẹn kọnkéré ilẹ̀ ilé, kí etí ọ̀kan gun èkejì ní mìlímítà 150 ó kéré tán. Ẹ gba fọ́tò rẹ̀ kí wọ́n tó da kọnkéré lé e, torí lẹ́yìn ìyẹn kò sẹ́ni tó máa rí i mọ́. Kí kọnkéré gbó fún ọjọ́ 28. Bó bá là, bíríkì orí rẹ̀ náà á là.

Kí wọ́n wọ́n omi díẹ̀ sí bíríkì kí wọ́n tó tẹ́ ẹ, kó má baà fa omi inú sìmẹ́ńtì mu, kó wá ṣí. Sìmẹ́ńtì 1 sí yanrìn 4, kó nípọn tó mìlímítà 20. Kí wọ́n fi àlàfo mìlímítà 10 sílẹ̀ yí ògiri ká, kí wọ́n fi sílíkóònù dí i. Kò gbọdọ̀ jẹ́ sìmẹ́ńtì. Bíríkì a máa wú díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn tó bá jáde nínú iná, bí kò bá sì ráyè, á gbé ara rẹ̀ sókè láàárín ilé. Mo bẹ̀ yín o, ẹ béèrè èyí lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá gbẹ tán, kí ẹnìkan fi owó ẹyọ lu ọ̀kọ̀ọ̀kan bíríkì náà: èyí tó bá dún bí àgbá òfìfo, kò lẹ̀.

Ilẹ̀ á fi nǹkan bíi mìlímítà 77 ga sí i. Kí wọ́n tẹ́ ẹ dé ibi àlàfo ẹ̀bá ògiri kí kábọ́ọ̀dù tó wọlé, kí kápẹ́ńtà sì mọ̀ kó tó gé ilẹ̀kùn.

Ní ti síílà, ìyẹn omi tí wọ́n ń fi kun bíríkì kó má baà máa fa omi àti òróró mu, èyí tó ń wọ inú bíríkì ni kí ẹ rà. Èyí tó ń dán lójú máa ń há ọ̀rinrin mọ́lẹ̀, á funfun, á bó, òróró á sì mú kó yọ̀. Kí wọ́n fi í kun bíríkì lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó fi sìmẹ́ńtì dí àlàfo àárín bíríkì, kí sìmẹ́ńtì má baà kó àbàwọ́n bá a, kí wọ́n tún fi í kùn ún nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá gbẹ. Lọ́dọọdún, kí ẹni tó ń gbé ilé náà kán omi sí i: bó bá wọlé kíákíá, ó ti tó àkókò láti tún fi síílà kùn ún. Ọṣẹ lásán ni kí wọ́n máa fi fọ̀ ọ́. Ásíìdì á jẹ sìmẹ́ńtì àárín rẹ̀. Kí wọ́n sì kó bíríkì 20 pamọ́, torí ó ṣòro láti rí àwọ̀ kan náà rà lẹ́yìn ọdún díẹ̀.