Ṣé Oògùn Lè Lọ Tààrà sí Kókó Abẹ́ Abíyá?

Ìbéèrè: Àǹtí mi ní jẹjẹrẹ ọmú, dókítà sì sọ pé ó ti dé àwọn kókó abẹ́ abíyá rẹ̀. Mo kà pé wọ́n lè di oògùn sínú èérún tín-ín-tìn-tín tí yóò gbé e lọ síbẹ̀ tààrà. Ṣé kí a dá iṣẹ́ abẹ dúró kí a wá irú oògùn bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má dá a dúró o. Ohun tí ẹ kà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n inú ìwádìí ló ṣì wà fún jẹjẹrẹ ọmú. Bí ẹ bá gbọ́ nípa Abraxane, oògùn jẹjẹrẹ kan tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2005, èérún ni lóòótọ́, àmọ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń fà á sí, kì í ṣe torí kókó ni wọ́n ṣe ṣe é.

Bí èérún náà ṣe tóbi tó ni àwa apòògùn kọ́kọ́ ń wò. Bí a bá gún abẹ́rẹ́ sábẹ́ awọ, ohun tí kò bá tó nànómítà 10 yóò tètè wọ inú ẹ̀jẹ̀, ohun tó bá sì ju 100 lọ yóò sábà há síbi tí a gún un sí. Èyí tó wà láàrin méjèèjì ló máa ń bá omi ara wọ iṣan tirẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju ti iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ, títí yóò fi dé kókó tí àwọn dókítà ń pè ní lymph node. (Irun orí ẹyọ kan nípọn tó nǹkan bí 80,000 nànómítà.) Bí a bá gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ fi í sára, ẹ̀dọ̀ ni yóò gbá púpọ̀ nínú rẹ̀ mú.

Ibi tó le jù fún irú àǹtí yín ni pé kókó tí jẹjẹrẹ ti kún lè dí, tí omi ara yóò fi yà gba ọ̀nà mìíràn, tí oògùn inú rẹ̀ yóò sì gba ẹ̀gbẹ́ kókó tó yẹ kó wọ̀ kọjá.

Àjẹsára ni ọ̀nà yìí ti ṣiṣẹ́ fún dáadáa. Èérún ọ̀rá ló gbé àwọn abẹ́rẹ́ kòrónà oní-mRNA tó jáde ní 2020, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ń dé kókó abíyá, ìdí nìyí tí abíyá àwọn kan fi wú lẹ́yìn tí wọ́n gbà á. Nítorí náà, bí àǹtí yín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ó sọ ọjọ́ náà àti apá tí wọ́n gún un sí fún ẹni tí yóò ya àwòrán abíyá rẹ̀, kí wọ́n má baà ka wíwú yẹn sí jẹjẹrẹ.