ESP32 tó sùn, síbẹ̀ tó ń jẹ bátìrì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ oko. Ẹ ní ESP32 (kọ̀ǹpútà kékeré inú ẹ̀rọ tó ń ka ọ̀rinrin ilẹ̀) tí ẹ gbé sí oko kòkó lẹ́bàá Oǹdó ń jẹ 9 mA lójú oorun, bátìrì 2,000 mAh ò sì lò ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ. Ìṣirò yẹn bára mu. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì fọwọ́ kan kóòdù o. Nínú deep sleep, ìyẹn oorun àsùnwọra rẹ̀, ESP32 fúnra rẹ̀ kì í jẹ ju nǹkan bíi 10 µA lọ (1,000 µA ló wà nínú 1 mA). Bọ́ọ̀dù tó gbé e ni mo fura sí.

Ẹ wo regulator rẹ̀, èyí tó ń sọ iná bátìrì di 3.3 V. Bó bá jẹ́ AMS1117, òun nìkan lè máa jẹ 5 mA, ẹ̀rọ ìbáà sùn, ìbáà jí. Kò tilẹ̀ yẹ fún bátìrì 3.7 V, torí ó ń fẹ́ bíi 1 V lé sí ohun tó máa gbé jáde. HT7833, regulator tí kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ iná, ni èmi ń lò. Iná pupa kékeré tí kì í kú yẹn náà, ẹ yọ ọ́. Ta ló ń wò ó nínú igbó?

Sẹ́ńsọ̀ ilẹ̀ ńkọ́? Ẹ má so ó mọ́ 3.3 V tààrà. Pin ESP32 kan ni kó máa fún un níná, nígbà tí ẹ bá fẹ́ ka ọ̀rinrin nìkan.

Tí ẹ bá fẹ́ wọn µA, ẹ fi wáyà so ẹnu méjèèjì mítà pọ̀ ná. Bí ẹ̀rọ bá ti sùn, ẹ yọ wáyà náà. Láìṣe bẹ́ẹ̀, iná tó ń gba inú mítà kọjá ò ní tó ẹ̀rọ nígbà tó bá ń jí, á kàn máa tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ṣáá ni. Ẹ kọ ohun tí mítà bá sọ síbí.