Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì pe ẹni tó tà á fún yín ní gbájúẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà lẹ ti ra putter (ọ̀pá tí wọ́n fi ń ti bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù sínú ihò) tí Scotty Cameron ṣe, tó ní àmì Circle T, ìyẹn lẹ́tà T nínú òbírí, pé ọ̀rẹ́ yín wò ó, ó ní ayédèrú ni. Ẹ wá ń bi mí bóyá kẹ́ ẹ gbé orúkọ ọkùnrin náà síta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe sùúrù ná. Owó yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lé bá.

Bẹ́ ẹ bá fi PayPal sanwó bí ẹni tó ra ọjà, ọjọ́ 180 lẹ ní láti fẹjọ́ sùn. Bó bá jẹ́ pé bí ẹni fowó ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ àti ẹbí lẹ ṣe é, ààbò yẹn ò sí o. Ẹ kọ̀wé sí ẹni tó tà á fún yín pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ má dárúkọ olè. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tà á ni wọ́n ti kọ́kọ́ lù ní jìbìtì, àwọn náà ò sì mọ̀. Ẹni tó ta tèmi fún mi dá owó padà wéré, torí mi ò tíì dójú tì í.

Ní ti òòfà tí wọ́n ní kẹ́ ẹ fi dán an wò: irin tí wọ́n ń pè ní GSS, ìyẹn 303 tí kì í dípata, òòfà kì í fi bẹ́ẹ̀ mú un. Tó bá wá lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́, irọ́ ni GSS yẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń fi irin carbon ṣe àwọn putter mìíràn, òòfà sì ń mú ìyẹn dáadáa. Bí òòfà ò bá sì mú un, ìyẹn ò ní ká jókòó gbẹdẹmukẹ. Irin 303 ò wọ́n níbì kankan.

Èyí tó le jù ni ti orí putter tó jẹ́ ojúlówó, tó jẹ́ pé àmì nìkan ni èké. Àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun ni wọ́n ń ṣe Circle T fún, kì í ṣe ọjà ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá wá tẹ àmì róbótó yẹn sára putter ṣọ́ọ̀bù, owó rẹ̀ ti di ìlọ́po. Irú èyí ló bọ́ sí mi lọ́wọ́. Àwọn tó wo fọ́tò ń bára wọn jà lórí ẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹni pé gbogbo wọn ló jàre. Awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ló tú àṣírí: etí àmì náà wú, inú rẹ̀ ń dán yanran, bẹ́ẹ̀ irin tó yí i ká ti ṣá.

Ìwé ẹ̀rí ńkọ́? Putter kan tí wọ́n ṣe fún Tiger Woods, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká agbágọ́ọ̀fù, tà ju 390,000 dọ́là lọ ní gbàǹjo lọ́dún 2021. Níbi tí owó bá pọ̀ tó yẹn, ta ni ò ní tẹ ayédèrú ìwé? Ẹ bi ẹni tó tà á fún yín léèrè ọwọ́ ẹni tí putter náà ti kọ́kọ́ jáde.

Tó bá gbà á padà, ẹ ya fídíò bẹ́ ẹ ṣe ń dì í. Tó bá tún pàtẹ ẹ̀ lẹ́yìn náà pẹ̀lú Circle T yẹn, ẹ fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, èmi gan-an á bá yín pariwo.