Ilé-ìwé Tó Ń Fi Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì Kọ́ni: Kí Ni Kí Òbí Wò Kí Ó Tó Sanwó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Adó-Èkìtì ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, ọmọ wa obìnrin yóò sì pé ọdún márùn-ún ní oṣù kẹsàn-án. Iṣẹ́ ọkọ mi máa ń gbé e lọ sí Kútọnù àti Lomé, ó sì ti pinnu pé ọmọ yìí gbọ́dọ̀ gbọ́ Faransé ju òun lọ. Ilé-ìwé kan wà ládùúgbò wa tí wọ́n kọ ọ́ sára pátákó rẹ̀ pé Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn fi ń kọ́ni, owó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ohun tí a ń san báyìí. Àbúrò ọkọ mi tó wà ní Èkó ní kí a kúkú mú ọmọ wá sọ́dọ̀ òun, kí ó lọ sí ilé-ìwé àwọn Faransé gan-an. Ohun tó tún ń kọ mí lóminú ni pé olùkọ́ kan ní ilé-ìwé àdúgbò yìí ní kí a má sọ Yorùbá sí ọmọ náà mọ́, kí èdè mẹ́ta má baà da orí rẹ̀ rú. Bẹ́ẹ̀, ìyá mi tó ń bá wa gbé kò gbọ́ ju èdè Èkìtì lọ. Kí ni kí a ṣe?
— Abiyamọ kan, Adó-Èkìtì

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Kí a tó dé orí ọ̀rọ̀ Èkó, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí pátákó yẹn ń wí, nítorí pé ohun méjì tó yàtọ̀ síra gedegbe ni àwọn ilé-ìwé ń fi orúkọ kan náà pè. Èkíní ni ilé-ìwé tó ń kọ́ ọmọ ní Faransé gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàárín àwọn iṣẹ́ yòókù, bóyá lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Èkejì ni ilé-ìwé tó ń fi Faransé kọ́ ọmọ ní nǹkan mìíràn, ìbáà ṣe ìṣirò, ìtàn, sáyẹ́ǹsì tàbí àwòrán yíyà. Èkejì yìí nìkan ni mo lè pè ní ilé-ìwé elédè méjì. Èkíní kò burú, ọmọ á rí nǹkan mú níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹ ra èkíní ní iye owó èkejì.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo bá ìbátan mi kan lọ wo irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ ní ìpínlẹ̀ wa níhìn-ín. Wọ́n mú wa wọ kíláàsì àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọdún kẹta. Gbogbo wọn dìde, wọ́n fi orin Faransé kí wa, wọ́n sì ka ọjọ́ méjèèje inú ọ̀sẹ̀ láìṣì kan. Inú ìbátan mi dùn débi pé ó fẹ́ sanwó lójú ẹsẹ̀. Bí a ti ń jáde, mo rí ọmọbìnrin kékeré kan tó gbé ike omi rẹ̀ dání. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì rọra bi í ní Faransé pé kí ni ó wà nínú ike náà. Ó wo ojú mi, ó wo ojú olùkọ́ rẹ̀, ó ní, "Lundi, mardi, mercredi." Ọmọ náà kò ṣẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló sọ, ọdún kẹta rẹ̀ níbẹ̀ sì nìyẹn. Títí di òní ni ojú tí ọmọ náà fi wò mí ń dùn mí, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe jẹ́ kí orin ìkíni tan yín.

Ẹ ní kí wọ́n fi àtẹ àkókò iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan hàn yín, kí ẹ sì fúnra yín ka iye wákàtí tó jẹ́ ti Faransé àti iṣẹ́ tí wọ́n fi í kọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ tọrọ àyè láti jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì ìṣirò, kì í ṣe kíláàsì Faransé, kí ẹ sì dúró di àkókò ìsinmi, nítorí pé èdè tí àwọn ọmọ fi ń jà du bọ́ọ̀lù ni èdè tí ilé-ìwé náà ń sọ ní tòótọ́. Ẹ bèèrè pé olùkọ́ Faransé mélòó ni wọ́n ní. Bí ó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, ọjọ́ tó bá rí iṣẹ́ tó sàn jù ni Faransé ilé-ìwé yẹn bá a lọ. Ẹ bèèrè ibi tí ó ti kọ́ èdè náà pẹ̀lú. Láti ọdún 1991 ni Abúlé Èdè Faransé ti wà ní Àjàrá, lẹ́bàá Àgbádárìgì, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Faransé láti fásitì wa ti máa ń lọ gbé láti fi èdè náà sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tó bá ti gba ibẹ̀ kọjá, tàbí tó ti gbé ní ìlú tí wọ́n ti ń sọ ọ́, yóò yàtọ̀ sí ẹni tó kọ́ ọ nínú ìwé nìkan.

Ìdánwò kan tún wà tó lè là yín lójú, DELF ni wọ́n ń pè é. Ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Faransé ló ni ín, wọ́n sì ní ti àwọn ọmọdé láti nǹkan bí ọdún méje sókè. Gbígbọ́, kíkà, kíkọ àti sísọ ni wọ́n ń dán wò, máàkì 25 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. 50 nínú 100 ni ọmọ fi ń yege, kò sì gbọ́dọ̀ gba ohun tó kéré sí 5 nínú ìkankan. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kì í kú láéláé. Ẹ bi wọ́n pé ọmọ mélòó ló ṣe é lọ́dún tó kọjá, kí wọ́n sì mú èsì rẹ̀ wá kí ẹ rí i.

Ní ti Èkó, òótọ́ ni pé ilé-ìwé tí ìjọba Faransé fọwọ́ sí wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn gbáà ni. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti ń gbà sí jẹ́lé-ó-sinmi, ọmọ ọdún mẹ́fà ló ń bẹ̀rẹ̀ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún márùn-ún, lẹ́yìn èyí ni ọdún mẹ́rin tó parí sí ìdánwò *brevet*, àti ọdún mẹ́ta tó parí sí *baccalauréat*. Ọdún méjìlá náà ni àpapọ̀ rẹ̀ bíi tiwa, ṣùgbọ́n kì í ṣe WAEC ni wọ́n ń múra ọmọ sílẹ̀ fún, bí ẹ bá sì yọ ọ́ láàárín ọ̀nà, yóò ní ọ̀pọ̀ nǹkan láti tún kọ́. Bí iṣẹ́ bá gbé gbogbo ìdílé yín lọ sí Kútọnù, èmi ni màá kọ́kọ́ ní kí ẹ lọ. Ṣùgbọ́n kí a gbé ọmọ ọdún márùn-ún kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ nítorí Faransé, n kò fara mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ yẹn sọ nípa Yorùbá ló ká mi lára jù. Ẹ má gbà á rárá. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà ní ilé-ìwé kan ní Modákẹ́kẹ́, wọ́n sì wá olùkọ́ tó dáńtọ́ tó ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́ta péré kí wọ́n tó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ wọ̀nyí ló ṣe dáadáa jù, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ẹ ní kí ọkọ yín bi àwọn ará Kétu àti Pọbẹ̀ tó ń bá pàdé ní Kútọnù: Yorùbá ni wọ́n ń sọ nílé, Faransé ni wọ́n fi ka ìwé, orí wọn kò sì dàrú.

Ní àwọn ibì kan, Yorùbá tilẹ̀ ń la ọ̀nà fún Faransé ju bí Gẹ̀ẹ́sì ti lè là á lọ. Ọmọ tó mọ ìyàtọ̀ "e" àti "ẹ" ti mọ ìyàtọ̀ "é" àti "è" wọn. Ọmọ tó lè pe "ìbọn" ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pe "bon" tán. Faransé a máa sọ "tu" fún ẹgbẹ́ ẹni, a sì máa sọ "vous" fún àgbà, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ní "o" àti "ẹ", nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní ju ẹyọ kan lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ ka 80, ogún lọ́nà mẹ́rin ni wọ́n ń pè é, "quatre-vingts". Kí sì ni ọgọ́rin tiwa bí kò ṣe ogún mẹ́rin? Àwọn ìró bíi "u" wọn ni yóò fún un ní ìṣòro díẹ̀, ẹnu ọmọ ọdún márùn-ún sì tètè ń rọ̀ mọ́ irú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ìyá àgbà máa pa àlọ́ fún un ní èdè Èkìtì rẹ̀. Ọmọ tó ti mọ̀ pé "ulé" tí ìyá àgbà ń pè ni "ilé" tí olùkọ́ ń kọ sára pátákó ti mọ̀ pé ohun kan lè ní ju orúkọ kan lọ, ohun tí ẹ sì fẹ́ sanwó fún kí ó kọ́ gan-an nìyẹn.

Ìbéèrè: Ọmọ-ọmọ mi ń parí ọdún kẹta ní girama kékeré. Ó fẹ́ràn Faransé púpọ̀, ṣùgbọ́n ilé-ìwé rẹ̀ kò ní olùkọ́ rẹ̀ fún girama àgbà. Ṣé kí a yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ lọ sí ilé-ìwé elédè méjì?
— Bàbá àgbà kan, Ìjerò-Èkìtì

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ní ọjọ́ orí rẹ̀ yìí, bí ilé-ìwé náà bá dára nínú iṣẹ́ yòókù, n kò ní yọ ọ́. Ilé-ìwé tó ti ń fi Faransé kọ́ni ní ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀ yóò ga jù fún un báyìí. Ẹ wá olùkọ́ tí yóò máa kọ́ ọ nílé ní wákàtí mẹ́rin lọ́sẹ̀, kí ẹ sì bi ọ̀gá ilé-ìwé rẹ̀ bóyá wọ́n lè forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún Faransé nínú WAEC bí kò tilẹ̀ sí olùkọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ìdánwò alóhùn wà nínú rẹ̀, nítorí náà kí ìdajì àkókò olùkọ́ yẹn jẹ́ ti ọ̀rọ̀ sísọ, láìsí ìwé lọ́wọ́.